Ìbéèrè Kẹrin

Iná ti lọ ní Òkè-Àdó. Mo fà mọ́ àtùpà,
ìwé ìdánwò mẹ́rìndínlógójì níwájú mi,
bírò pupa lọ́wọ́ mi bí abẹ.

Ìbéèrè kẹrin: Odò wo ló ṣàn gba Ìbàdàn kọjá?
(a) Ògùnpa (b) Ọ̀nà (d) Kúdẹtì (e) Ọya.
Ògùnpa ni mo ní lọ́kàn.
Ògùnpa ni mo kọ sójú pátákó.

Ìbíyẹmí fa igi sábẹ́ mẹ́ta.
Mo fún un ní òdo.
Ọmọ kó odò mẹ́ta wá, mo fi òdo kan san án.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀bá Kúdẹtì ni wọ́n bí i sí,
omi náà ló gbé àdògán ìyá rẹ̀ lọ
lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò dá.

Mo tún ìwé yẹ̀ wò.
Àwọn tó há ọ̀rọ̀ mi sórí ló yege,
ẹni tó mọ ìlú ló fìdí rẹmi.
Bí téèpù télọ̀ bá ti já nídìí,
ṣé ara oníbàárà ni yóò bá wí?

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀sán kan péré
ni wọ́n fi kọ́ wa bí a ṣe ń béèrè;
òjò ń lu páànù, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Láàárọ̀, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.
Ó wo òdo náà, ó wo ojú mi.
"Tìṣà, ẹ ò bá ti bi wá léyìí tó gùn jù."

Mo ṣí bírò.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wí i.