Àrẹ̀dú

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá,
mo ń ka àkọsílẹ̀ ohun tó yí padà nínú ètò kọ̀ǹpútà tuntun,
ìlà lórí ìlà, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì,
mo bá kan èyí:
"A ti yọ ọ́ kúrò. Kò sẹ́ni tó ń lò ó."
Mo gbé ife tíì mi kalẹ̀.

Ọ̀gá mi, Oyètádé Àjàgbé, ló kọ́ mi ní ìlànà yẹn,
ọ̀nà tí ẹ̀rọ méjì fi ń kí ara wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.
Ìdánwò ni wọ́n fi ṣe. Wọ́n ní bó bá dára, ayé á gbà á.
Ayé ò gbà á.
Ó kàn jókòó sínú ètò náà bí aṣọ ìsàlẹ̀ àpótí,
ọdún méjìdínlógún,
kò jẹun, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Àmọ́ ọ̀gá mi ń lò ó.
Ìyá rẹ̀ sọ àbúrò rẹ̀ kan nù nígbà Omíyalé;
kì í sọ ọ́, ẹ̀rọ ló fi ń sọ ọ́.
Ó so àpótí kékeré kan mọ́ abẹ́ afárá Ògùnpa,
sólà rẹ̀ kò ju àwo ìjẹun lọ,
ó gbé èkejì sí Òkè Àrẹ̀, nínú yàrá àbúrò ìyàwó rẹ̀.
"Ṣé o wà níbẹ̀?"
"Mo wà."
"Omi ńkọ́?"
"Ó wà ní kókósẹ̀."
Bí bátìrì bá kú, wọ́n á dákẹ́.
Bó bá jí, wọ́n á bá ọ̀rọ̀ lọ níbi tí wọ́n bá a dé,
ọ̀kan kò ní bi èkejì pé, ìwọ ta ni?

Ìyá ìyá mi re aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Òsì.
Ẹni bá kọjá á ní, "Àrẹ̀dú o!"
á dáhùn láìgbé ojú kúrò nínú ìkòkò.
Nígbà tí mo gbọ́njú, ewúro ló ń hù nínú ìkòkò náà,
"Ẹ kú iṣẹ́" la sì fi ń kí gbogbo ayé,
aláró, awakọ̀, akọ̀wé báńkì.
Ó rọrùn. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀.
Lọ́jọ́ kan mo fi ti àtijọ́ kí i, mo ń ṣeré ni.
Ẹnu rẹ̀ kò sọ nǹkan kan,
ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra,
bí ẹni fẹ́ ti nǹkan bọmi.

N kò bá àwọn tó yọ ọ́ jà.
Ilẹ̀kùn tí onílé gbàgbé, olè ò gbàgbé rẹ̀,
ẹni tó sì mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti ń tán lọ;
oṣù Bélú tó kọjá la sin ọ̀gá mi.
"Kò sẹ́ni" yẹn náà ni mi ò tíì gbé mì.
Bóyá "kò sẹ́ni tó fọhùn" ni wọ́n fẹ́ wí.
Òótọ́ ni. Èmi náà ò fọhùn.

Ẹ̀rọ Òkè Àrẹ̀ bi mí pé, ṣé kí n di tuntun?
Mo tẹ Rárá.
Yóò tún bi mí lọ́la, mo mọ̀.
Òjò ti ṣú lápá Ẹlẹ́yẹlé.
"Ṣé o wà níbẹ̀?"
Ó pẹ́. Mo gbọ́ tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.
"Mo wà. Ó ti tó orúnkún."