Ìgò Oyin Méjì

Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ilẹ̀ ti ṣú ní Tartu.
Yìnyín ń bọ́ sórí odò Emajõgi láìpariwo.
Helve Raudsik wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì lérí ara wọn,
ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ bí ẹni ń yáná.

Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kọ kóòdù fún àwọn oníṣẹ́ kéékèèké:
oníṣègùn eyín, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi,
ìyá kan tó ń hun ìbọ̀wọ́ onírun àgùntàn.
Ọwọ́ ọ̀tún ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ òsì ò mọ iye tó gbà.
Orúkọ àwọn oníbàárà wà nínú àpótí kan,
gbèsè wọn wà nínú òmíràn,
iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún wà níbi kẹta,
òun nìkan ló ń sáré láàrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta
bí ọmọ tí àgbà mẹ́ta rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Lónìí ló so wọ́n pọ̀.
Ó mú kọ́kọ́rọ́ gígùn kan,
lẹ́tà àti nọ́ńbà ogójì tí ẹnu kò lè pè,
ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìlà kan nínú fáìlì.
Ó gbàgbé kọ́mà kan ṣoṣo.
Nǹkan kọ̀, kò dáhùn.
Ó wá kọ́mà náà títí kọfí rẹ̀ fi tutù.
Ó rí i. Ó fi sí i.
Ilẹ̀kùn ṣí.

Akọ̀wé inú kọ̀ǹpútà, ọlọ́gbọ́n tí a kò bí,
tó jẹ́ pé títí di àná kóòdù nìkan ló mọ̀ ọ́n kà,
wá mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ Helve lówó.

"Ta ló jẹ mí?" ni Helve tẹ̀.
Ìka rẹ̀ kò tíì kúrò níbẹ̀ tí èsì fi dé:

*Dókítà Piibe Lõhmus kò jẹ ọ́. Ìwọ lo jẹ ẹ́.
Ní oṣù kẹta, o kọ ìwé owó kan náà sí i lẹ́ẹ̀mejì,
ó sì san méjèèjì. Ọgọ́fà yúrò.*

Helve fọwọ́ bo ẹnu.
Piibe, tó ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín ní ibùdókọ̀!
Àbí òun náà kò mọ̀?
Ojú tì í nínú yàrá tí kò sí ẹnìkan.

*Ó ku Kaljo Vennet, olóyin, ní Võrumaa.
Oṣù mẹ́rìnlá. Igba yúrò ó lé mẹ́wàá.
Mo ti kọ lẹ́tà sílẹ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́?*

Lẹ́tà náà mú bí abẹ.
Ìkìlọ̀ ìkẹyìn. Èlé. Ilé ẹjọ́.
Kò sí àṣìkọ kan nínú rẹ̀,
kò sì sí Kaljo nínú rẹ̀.

Lórí pẹpẹ, lókè orí Helve gan-an,
ìgò oyin méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ti dé ìdajì.
Kaljo ló gbé wọn wá, ọjọ́ kẹta ìsìnkú ìyàwó rẹ̀,
nínú bọ́ọ̀sì, lórí itan, bí ẹni gbé ìkókó.
Ó ní, "Owó ti bá òkú lọ.
Oyin nìkan ni kò bá mi ṣọ̀fọ̀."
Helve ní, "Ó ti tó. Ó parí."
Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ò purọ́ o.
Iṣẹ́ tí a kò rán ọmọ, ọmọ ò lè jẹ́ ẹ.
Ẹni tó ń ka ìwé kò rí pẹpẹ,
ọ̀rọ̀ ẹnu kò sì ní kọ́kọ́rọ́ tí a lè lẹ̀ mọ́ fáìlì.
Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ bínú sí akọ̀wé
tó rí ẹ̀bi ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀gá tó rí i?

"Má fi ránṣẹ́."
Ó dá owó Piibe padà kíákíá, kí ojú tó tún tì í,
ó wá ṣí ojú ìwé Kaljo, ó kọ ọ́ síbẹ̀: *Ó ti san.*

Ẹ̀rọ fi sùúrù bèèrè:
*Èló ni kí n kọ? Ọ̀nà wo ló gbà san án?*
Àpótí kan wà fún báńkì, ọ̀kan fún káàdì,
ọ̀kan fún owó ọwọ́.
Ilà kékeré náà ń ṣẹ́jú, ó ń dúró dè é.

Helve dìde, ó lọ mú ṣíbí.