Tíṣà Ṣubú

Orúkọ rẹ̀ gùn ju ọ̀nà Ẹlẹ́yẹlé lọ.
Subramaniam. Ahọ́n wa kọ̀ ọ́,
a gé e sí Súbù, Káṣìmáwò sì yí i sí Ṣubú:
"Ẹ káàárọ̀, Tíṣà Ṣubú!"
Ó dáhùn. Kò mọ̀. Tàbí ó mọ̀.

Físíìsì ló ń kọ́ wa ní Òkè-Bọ́là,
ṣùgbọ́n ní kùtùkùtù, kí àkùkọ tó dákẹ́,
a máa ń gun ògiri láti wò ó ní fàráńdà:
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan,
ọwọ́ méjèèjì pa pọ̀ lókè orí bí ẹni tó ń bẹ òrùlé.
A dúró kó ṣubú.
Kò ṣubú.

Níjọ́ tó ká wa mọ́bẹ̀, kò nà wá.
Ó ní, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ ọ? A ní bẹ́ẹ̀ ni, sà,
ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń forí dúró.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀ka mẹ́jọ ni igi yìí ní,
ìjókòó òun ìdúró, ẹ̀ka kẹta ni wọ́n.
Èkíní ńkọ́?
Má pani lára. Má purọ́. Má jalè.
Gúrọ́fà rẹ̀ méjì wà lápò ṣòkòtò mi,
wọ́n gbóná bí ẹyin tí adìẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé.

Ó ní kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí ẹ̀kọ́ náà.
Wọ́n hú èdìdì òkúta kan nínú ìlú tó ti wó,
ẹnìkan jókòó lára rẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ kò;
àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn ẹni tó jẹ́.
Kó tó dinú ìwé, ẹnu ló ti ń bọ́ sétí,
àgbàlagbà nínú igbó, ọmọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ìyẹn yé wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ìyá mi ṣe mọ oríkì ilé wa.

Ó ní yóògà, àjàgà ni:
ó ya akọ màlúù méjì sára pátákó, igi kan lọ́rùn wọn.
A wo ara wa. Màlúù tí àwa mọ̀,
Bódìjà ni wọ́n ń dà á lọ, kì í padà.
Ó nu àwòrán náà kúrò.
"Kí lẹ ń pe afẹ́fẹ́ tó ń gba imú wọlé, tó ń gba imú jáde?"
Èémí.
"Kí lẹ ń pe ohun tó kúrò lára òkú?"
Ẹ̀mí.
Ó dákẹ́ títí wọ́n fi lu agogo.
Ó ní, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí n tó wọkọ̀ òfurufú.

Lọ́dún tí Ògùnpa ya wọlé,
àpótí ń léfòó, àga ń léfòó, igbe gba òru kan.
Tíṣà jókòó lórí ògiri, ojú pípadé.
Káṣìmáwò ní, ẹ wò ó, ó ń ṣeré!
Èémí mẹ́wàá péré. Mo kà á.
Lẹ́yìn náà ó so okùn kànga mọ́ ìbàdí ara rẹ̀,
ó so orí kejì mọ́ ìbàdí Káṣìmáwò,
àwọn méjèèjì wọ omi,
wọ́n gbé Ìyá Àlàmú tí kò lè rìn jáde.
Lọ́jọ́ kejì, a ṣì ń pè é ní Ṣubú.
Ohùn tí a fi ń pè é ló yí padà.

Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, Àpáta ni mò ń gbé.
Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru.
Mojírádé, ìyàwó mi, ní kí n má gbé òrìṣà ará Íńdíà wọlé òun.
Mo ní èémí mi ni mò ń kà,
Ẹni tó fún mi ni mò ń kà á fún.
Ó pòṣé. Ó na ẹní sí mi.

Orúnkún mi ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́.
Oókan. Eéjì. Gúrọ́fà.
Mo fa ọkàn padà.
Ẹẹ́ta. Ẹẹ́rin.
Ajá aládùúgbò gbó.
Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.