Kò Tíì Di Àgbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Odile máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sábẹ́ ilẹ̀,
tòun ti àtùpà, ife kan, àti eékún tó ń dùn ún.
Ó kan àgbá jẹ́jẹ́, bí ẹni ń jí arúgbó:
"Ẹ ti dín lọ́sẹ̀ yìí, àbí?"
Ó bu díẹ̀ kún un,
nítorí igi àgbá ń mí,
afẹ́fẹ́ sì ń mu nínú ohun tí a kò fi lọ̀ ọ́.

Àwọn tó ń fi owó ilé ra ìgò rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kò mọ̀
pé àjàrà Sauvanelle kò dúró lórí gbòǹgbò ara rẹ̀.
Kòkòrò tí kò tó orí abẹ́rẹ́
ló jẹ gbogbo òkè náà tán láyé bàbá bàbá rẹ̀.
Anselme sọná sí oko, ó sunkún,
ó wá gba èbúté Bọ̀dó lọ
ra gbòǹgbò àjèjì tí ọkọ̀ kó ti Amẹ́ríkà dé,
igi tí wọ́n ní èso rẹ̀ ń rùn bí awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.
Ó là á, ó ki ẹ̀ka tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi ráfíà dì í.
Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín:
"Ọmọ ọba ń gun èjìká àlejò!"

Ẹ wá wo èjìká náà lónìí.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni ilẹ̀ ibẹ̀, àlìkámà kọ̀ ọ́;
ìyà ló kọ́ àjàrà ní adùn.

Odile tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.
Àgbá ni, kò tíì di àgbà.
Ó nu ẹnu rẹ̀, ó pa àtùpà,
ó dúró díẹ̀ nínú òkùnkùn,
bóyá yóò dáhùn.