Àtẹ́lẹwọ́ La Bá Ilà

Ní Alágbàká, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
wọ́n pe nọ́ńbà mi, mo dìde.
Ọmọbìnrin tó jókòó ti ẹ̀rọ ní, "Màmá, ẹ tẹ àtàǹpàkò."
Mo tẹ̀ ẹ́.
Iná pupa.
"Ẹ nu ọwọ́ yín." Mo fi ìborùn nù ún.
Iná pupa.
"Ọmọńdinrín ńkọ́?"
Pupa, bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú.

Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń kùn:
òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ò ní sùúrù,
oòrùn Àkúrẹ́ náà ò ní.

Mo ṣí ọwọ́ fún un.
Ó ń dán bí iṣu sísè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó,
ó sán ní oríkèé,
èékánná dúdú bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ aró.
Kò mọ ibi tí yóò wò.

Àwọn àgbà ní àtẹ́lẹwọ́ la bá ilà,
a ò mọ ẹni tó kọ ọ́.
Èmi mọ ẹni tó pa á rẹ́:
hóró mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́,
pupa rẹ́súrẹ́sú bíi súìtì ọmọdé,
ọ̀sẹ̀ méjì lílò, ọ̀sẹ̀ kan ìsinmi.
Dókítà Òǹdó ti sọ tẹ́lẹ̀:
"Jẹjẹrẹ ló ń wá lọ; ibi tó bá gbà kọjá, yóò jó o."
Kò sọ pé yóò gba Alágbàká kọjá.

Lálẹ́, Akíndùró a bu òrí sí mi lẹ́sẹ̀,
a fi ìbọ̀sẹ̀ tirẹ̀ bò ó.
Ọkọ tí kò fọ abọ́ rí
ló ń fọ ìkòkò, torí omi gbígbóná ti dọ̀tá mi.
A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Nígbà mìíràn ó máa ń gbàgbé, a di ọwọ́ mi mú le;
mo máa ń gbé igbe mì,
ó pẹ́ tó ti dì í mú bẹ́ẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọwọ́ yìí fi mú ṣọ́ọ̀kì ní Òkè-Àró.
Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ náà pa ẹ̀rọ tì, ó fa ìwé yọ, àti bírò kan:
"Ẹ kọ orúkọ yín síbí. Ẹ rọra."
Mo kọ ọ́, Mosúnmọ́lá Akíndùró,
gbọọrọ, bí mo ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó,
bírò ń gún mi bí ẹ̀gún ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ó ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀,
bóyá ilà á ti hù.