Ẹ̀ẹ̀kan Ni Wọ́n Ń Béèrè

Ní Bangor, ní ilẹ̀ Wales, níbi tí òkè ti ń wo òkun lójú,
mo gbé ilé opó kan fún oṣù mẹ́wàá.
Wọ́n ní kí n máa pè wọ́n ní Eluned;
ahọ́n mi kọ̀.
Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlá ju ìyá mi lọ!
Mo wá orúkọ ọmọ wọn kiri ara ògiri,
mo rí i lára ife ẹ̀yẹ ìlúwẹ̀ẹ́: Gethin.
Láti ọjọ́ náà, Màmá Gethin ni mò ń pè wọ́n,
wọ́n sì ń dáhùn, bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí wọn nínú ilé ìdáná.
Àwọn náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo abẹ́ tábìlì:
"Kí ló jábọ́ lọ́wọ́ rẹ?"
A jọ wá ohun tí kò sọnù,
mi ò sì lẹ́nu àtisọ pé ìkíni lásán ni.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ gan-an ni ìjà,
ìjà tí ẹnikẹ́ni ò bá ẹnikẹ́ni jà.
"Ṣé kí n bù sí i?"
"Rárá o, ẹ ṣeun, mo ti yó."
Ní Ìgbájọ, a kì í torí ìyẹn kó abọ́.
Ẹni tó ní òun yó, a ó tún bẹ̀ ẹ́,
a ó ní ṣé ọbẹ̀ wa ò dùn ni,
ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò wá na abọ́ síwájú: "Díẹ̀ náà ni o."
Màmá Gethin bi mí lẹ́ẹ̀kan.
Wọ́n dé ọ̀dùnkún náà, wọ́n tì í sínú fíríìjì.
Mo ń wo ilẹ̀kùn fíríìjì bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń jẹ bisikíìtì lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì,
tí mò ń rọra họ ọ́ bí èkúté,
torí ilé náà dákẹ́ débi pé
èèyàn ń gbọ́ bí aago ṣe ń ronú.
Mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ahun ni wọ́n gbé mi fún.
Ọlọ́run dárí jì mí.
Àṣé àwọn náà ń sọ fún àbúrò wọn ní Llanberis
pé ọmọ náà kórìíra ọwọ́ àwọn.

Ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n rí èérún.
Wọn ò sọ nǹkan kan.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọn ò bi mí. Wọ́n bù ú, ó kún dé etí abọ́,
wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Yàrá Gethin ni mò ń sùn. Gethin wà ní Ọsirélíà,
ọjọ́ Kérésì ló máa ń pè, fún ìṣẹ́jú mẹ́fà.
Lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀, pẹ́ńsù fa ìlà bó ṣe ń ga,
ọdún lórí ọdún, títí dé mẹ́rìndínlógún.
Lẹ́yìn náà, férémù ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Tí wọ́n bá ń paná, wọ́n á ní, "Nos da."
Wọ́n ní nos ni alẹ́, da ni ohun tó dára.
Mo ní, "Ní èdè tiwa náà, ó dáa."
Wọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn.
"Ó dáa?"
"Ó dáa."

Ọjọ́ tí mò ń lọ, tí takisí ń dúró nínú òjò,
wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n fẹ̀yìn ti férémù.
Mo ní, "Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mi ò ga mọ́."
Wọ́n ní kí n nàró dáadáa.
Pẹ́ńsù náà tutù ní àtàrí mi.

Wọ́n ti ta ilé náà báyìí. Gethin ló kọ̀wé sí mi,
lẹ́tà kúkúrú, ó ní kí n má bínú pé ìròyìn náà pẹ́.
Ó béèrè bóyá mo fẹ́ nǹkan kan nínú ẹrù wọn.
Mo fèsì pé rárá o, ẹ ṣeun.
Mo wá jókòó,
mò ń retí kí ó tún béèrè.