Kọ́kọ́rọ́ Láìsí Ilẹ̀kùn

Asabe kò ra ọ̀dà, kò ra búrọ́ọ̀ṣì.
Àpò sìmẹ́ńtì ló gbé kiri Mpape
lẹ́yìn tí katapílà ti lọ tán:
"Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín ta mí lọ́rẹ.
Kí lẹ tún fẹ́ fi ṣí?"

Ó fi okùn ìpẹja so wọ́n rọ̀,
ẹgbẹ̀rún kan ó lé,
títí irin fi di ògiri, tó di òrùlé,
ilé tí ọyẹ́ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọ̀,
tó ń dún woro-woro.

Mo rí tèmi níbi tí fèrèsé ìbá wà,
òwú pupa Mọrẹ́nikẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Mo nawọ́.
Ẹ̀ṣọ́ ní, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Mo dá ọwọ́ padà sápò,
síbi tó máa ń wà tẹ́lẹ̀.